Kí Ló Dé Tí Idán Inú Fíìmù Akọni Kan Fi Ń Tètè Gbó Ju Ti Òmíràn Lọ?

Ní ọdún 1978, Christopher Reeve wọ aṣọ Superman, ó sì fò gba ojú sinimá kọjá. Kò sí kọ̀ǹpútà tó bá wọn ya ara rẹ̀. Wọ́n fi wáyà àti irin gbé e dúró, wọ́n tan àwòrán ojú ọ̀run sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì yà á. Ní ọdún 1987, òṣèré kan náà tún gbé aṣọ kan náà wọ̀ nínú Superman IV. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín méjèèjì, àmọ́ ẹni tó bá wò wọ́n tẹ̀ léra lónìí, èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ló máa pè ní ti àtijọ́. Ó hàn kedere pé ńṣe ni wọ́n gé ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀run. Àwòrán kan tó ti ń fò bọ̀ níwájú kámẹ́rà sì ń padà wá léraléra, bí ẹni pé a kò ní rántí pé a ti rí i rí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. A ti gbà lọ́kàn pé bí ẹ̀rọ bá ṣe ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni idán inú fíìmù á ṣe máa dára sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn fíìmù akọni kan ti lé ní ogún ọdún tí ojú wọn ṣì ń dán, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti dà bí ohun àlòkù láàárín ọdún méjì. Ọjọ́ orí kọ́ ló fà á, kì í sì í ṣe owó nìkan. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ló fà á, àti bóyá ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà ti mọ ohun tó ń fẹ́ kí wọ́n tó tan kámẹ́rà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe rí i ṣe nínú Superman àkọ́kọ́ yẹn. Tí wọ́n bá tan àwòrán ojú ọ̀run sẹ́yìn òṣèré tí wọ́n gbé kọ́, ojú kan ni òṣèré náà máa wà, kò lè jọ ẹni tó ń fò bọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zoran Perisic ló wá nǹkan ṣe sí i. Ó fi lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan súnmọ́ tòsí sára ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán, ó fi irú rẹ̀ sára kámẹ́rà, ó sì so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń sọ ojú ọ̀run di kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà ń fà á mọ́ra, ojú ọ̀run á wá dà bí ohun tí kò yí padà rárá. Òṣèré tó wà láàárín nìkan ló ń tóbi sí i. Lójú wa, Superman ń já bọ̀ tààrà, bẹ́ẹ̀ Reeve kò kúrò lójú kan. Reeve fúnra rẹ̀ mọ ọkọ̀ òfuurufú wà, ó mọ bí nǹkan tó ń fò ṣe máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó yà, nítorí náà èjìká rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yí. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà gba àmì ẹ̀yẹ Oscar àkànṣe, ó sì tọ́ sí wọn.

Ní ti Superman IV, ilé iṣẹ́ Cannon tó ṣe é gé owó iṣẹ́ náà lulẹ̀ gan-an nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àsìkò tó yẹ kí wọ́n fi ya àwòrán fífò tuntun kò sí mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo èyí tó wà nílẹ̀ lálòtúnlò.

Fíìmù fúnra rẹ̀ kì í darúgbó. Ohun tí wọ́n yà ní 1978 náà ló ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ojú tiwa ló ti yí padà. A ti wo fíìmù púpọ̀ sí i, ojú wa ti kọ́gbọ́n, ohun tó yà wá lẹ́nu nígbà kan ti wá di ohun tí a mọ̀ dunjú. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí ojú ènìyàn ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú sinimá: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé awọ ara, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ilẹ̀, bí ẹnu ṣe ń ṣí. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, ọjọ́ tí a ti ń jòjòló la ti ń wo ojú ìyá wa. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ìwọ̀nyí lọ́nà tó kù díẹ̀ káàtó, a lè má mọ ohun tó ṣe é, àmọ́ ara wa á kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú awọ ara nìkan. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ nínú òkùnkùn, kí o tẹ ìka rẹ mọ́ ọn. Wàá rí i pé ìka náà pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í kàn bà lé awọ kó sì ta padà. Ó máa ń wọ inú rẹ̀ lọ, á rìn gbéregbère nínú ẹran àti ẹ̀jẹ̀, á wá jáde níbòmíràn. Ohun tó ń jẹ́ kí ara jọ ohun tó ní ẹ̀mí nìyẹn. Fún ìgbà pípẹ́, awọ ara dà bí ògiri lójú kọ̀ǹpútà: ìmọ́lẹ̀ lù ú, ó ta padà, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe láyé ọjọ́un fi jọ ọmọláńgidi oníke. Ní 2001 ni Henrik Wann Jensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà ìṣírò kan jáde tó mú kí kọ̀ǹpútà lè ṣe ìrìn ìmọ́lẹ̀ yìí láìfi àsìkò ṣòfò. Kò pẹ́ rárá tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù fi gbà á lò, àwọn tó ń fún ni ní Oscar sì fi àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ dá wọn lọ́lá ní 2004.

Àárín ìgbà yẹn gan-an ni Hulk ti Ang Lee jáde, ní 2003, ìtàn ọkùnrin kan tó ń di òmìrán aláwọ̀ ewé tí inú bá bí i. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọ̀ ewé ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, wọ́n sì gbé e sáàárín aṣálẹ̀ lọ́sàn-án gangan, níbi tí kò sí òkùnkùn tó lè bò ó láṣìírí. Ìwọ̀n rẹ̀ pàápàá ń yí padà, tí inú bá bí i sí i, á tún ga sí i, ojú wa kò sì rí ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ mi ò gbà pé iṣẹ́ tí kò dáa ni. Ang Lee fúnra rẹ̀ wọ aṣọ tí wọ́n lẹ àmì mọ́, ó ń rìn, ó ń bú ramúramù, kí kọ̀ǹpútà lè rí bí òun ṣe fẹ́ kí ara Hulk máa gbé e. Ẹ wo ìran San Francisco, níbi tí Hulk ti rí Betty, obìnrin tó fẹ́ràn, lójú títì tí ìbínú rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Apá ibẹ̀ kò tíì gbó. Ibi tó ti ń ju ọkọ̀ ológun kiri ló gbó.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n tún Hulk ṣe, Edward Norton ló sì wà nípò rẹ̀. Wọ́n ti kọ́gbọ́n. Wọ́n dín àwọ̀ ewé náà kù, wọ́n fi iṣan àti ìṣù ẹran kún ara rẹ̀, wọ́n sì fi òru ṣe ìjà ńlá tó kẹ́yìn. Ara náà le, ó sì ṣeé gbà gbọ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ojú Hulk kò jọ ojú Norton. Ẹranko kan ló dé, ọkùnrin náà sì lọ. Ní 2012, nínú The Avengers, wọ́n gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Mark Ruffalo wọ aṣọ alámì, ó ṣe Hulk fúnra rẹ̀ níbi tí àwọn òṣèré yòókù wà. Wọ́n ya ojú rẹ̀, awọ rẹ̀ àti eyín rẹ̀ fínnífínní, orí ìwọ̀nyẹn ni wọ́n sì kọ́ Hulk lé. Ẹni tó bá mọ Ruffalo á rí i nínú ẹ̀dá aláwọ̀ ewé yẹn. Hulk mẹ́ta nìyí láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Lóòótọ́ ẹ̀rọ dára sí i, àmọ́ ohun tó mú ti ìkẹta dúró títí di ìsinsìnyí ni pé ènìyàn kan wà níbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ọ̀nà yìí kan náà ló bí Thanos, ọ̀tá ńlá inú Avengers: Infinity War, ní 2018: Josh Brolin dé akoto tí wọ́n so kámẹ́rà mọ́ níwájú, wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì kéékèèké sójú rẹ̀, kò sì sí ìgbà tó fajú ro tí kámẹ́rà náà kò rí i.

Ìwúwo ni wàhálà kejì, mo sì rò pé òun ló ń tú àṣírí jù lọ. Nínú Spider-Man ti 2002, ìran kan wà tí Peter Parker, ọ̀dọ́kùnrin tó di Spider-Man, ti ń dán agbára rẹ̀ wò, tó ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn. Ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ara tó wúwo máa ń tẹ orúnkún wálẹ̀ kó tó fò, tó bá sì balẹ̀, á rì díẹ̀ kó tó tún dìde. Ara tó wà níbẹ̀ yẹn kò ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Ó ń gbéra bí rọ́bà, ó ń yí ojú padà lófuurufú láìsí ohun tó tì í. Kò sí ohun tó ṣe aṣọ rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe àwọn ilé náà. Ìrìn ara ló jẹ́ ká mọ̀ pé ènìyàn kọ́ nìyẹn.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni Sam Raimi tún ṣe Spider-Man 2, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo fíìmù akọni bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ idán. Dókítà Octopus, ọ̀tá Spider-Man nínú rẹ̀, ní apá irin mẹ́rin lẹ́yìn. Wọ́n ṣe apá náà ní ti gidi, wọ́n so ó mọ́ Alfred Molina tó ṣe Dókítà náà, àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọmọláńgidi sì wà lẹ́yìn tí wọ́n ń darí wọn. Nínú ìran ilé ìwòsàn, níbi tí àwọn dókítà ti fẹ́ gé apá náà kúrò, apá gidi àti ti kọ̀ǹpútà ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú-àáyá sí ìṣẹ́jú-àáyá. Apá kan já gba inú yàrá, obìnrin kan ń fi èékánná họ ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ lọ, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ gidi. Àṣírí rẹ̀ ni pé àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní apá gidi lójú tí wọ́n lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n rí bí ìmọ́lẹ̀ yàrá yẹn ṣe ń bà lé irin yẹn, wọn kò méfò. Ojú Molina àti ti Tobey Maguire tó ṣe Spider-Man náà, wọ́n lo ẹ̀rọ Paul Debevec tí wọ́n ń pè ní Light Stage, èyí tó ń ya ojú ènìyàn bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn sí i láti igun gbogbo. Fíìmù náà gba Oscar fún àwòrán àfikọ̀ǹpútàṣe rẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀pọ̀ fíìmù tó jáde ní ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni kò lè dúró tì í.

Irin rọrùn ju awọ lọ, ó yẹ ká fi kún un. Iron Man ti 2008 ṣì dára títí di báyìí nítorí pé ohun líle tó ń dán ni aṣọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì mọ irin ṣe dáadáa. Síbẹ̀, wọ́n ṣì kan aṣọ náà ní ti gidi, Robert Downey Jr. sì wọ lára rẹ̀. Ẹ wá wo Green Lantern tó jáde ní 2011, tí owó rẹ̀ tó nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n pinnu pé kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe gbogbo aṣọ Ryan Reynolds, títí kan ìbòjú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti jáde ni orí rẹ̀ ti dà bí ohun tó léfòó sórí ara ẹlòmíràn. Wolverine náà nìyí: nínú X-Men ti 2000, èékánná irin tí wọ́n rọ ni Hugh Jackman sábà máa ń ní lọ́wọ́. Nínú X-Men Origins ti 2009, ó dúró níwájú dígí ilé ìwẹ̀ tó ń wo èékánná rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ṣe é. Ẹ̀rọ 2009 ju ti 2000 lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n èékánná yẹn kò bá ìmọ́lẹ̀ ilé ìwẹ̀ náà mu rárá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí fíìmù fi ń bọ́ lọ́wọ́ ogbó, òun ni kó má tiẹ̀ sọ pé òun jọ ayé gidi. Batman ti Tim Burton ní 1989 kún fún àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ àti àwòrán tí wọ́n kùn sẹ́yìn ìran. A mọ̀ pé wọ́n kùn wọ́n. Kò dun wá, torí pé gbogbo Gotham ló rí bẹ́ẹ̀, ìlú àlá ni láti òkè délẹ̀. Anton Furst tó ya ìlú náà gba Oscar lórí rẹ̀. Spider-Man: Into the Spider-Verse ti 2018 náà wà ní ọ̀nà yìí: ó jọ ojú ìwé àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, mi ò sì rí ohun tó máa sọ ọ́ di àtijọ́.

Àwọn kan á gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n á ní, ṣebí ohun tí àwọn ti ń sọ nìyẹn, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà tì. Rárá o. Gbogbo èèyàn ló mọ ọkọ̀ ẹrù tí Christopher Nolan sojú rẹ̀ dé lójú títì Chicago nínú The Dark Knight ti 2008, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ta ìdí rẹ̀ sókè ní ti gidi. Àmọ́ nínú fíìmù yẹn kan náà, kọ̀ǹpútà ló jẹ ìdajì ojú Harvey Dent, agbẹjọ́rò tí iná jó, dànù, tí a fi ń rí egungun àti iṣan rẹ̀. Kò sí àtíkè tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí àtíkè máa ń fi kún ojú ni, kì í yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì kò ní ìjà. Ìbéèrè tó yẹ ni èwo ló lè ṣe èyí tí à ń wá yìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àsìkò, tí àwọn òǹwòran kì í sábà rò mọ́ ọn. Nínú Justice League ti 2017, ètè òkè Henry Cavill tó ṣe Superman rí wíwú, ó ń mì lọ́nà tí kò tọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n pè é padà wá ya àwọn ìran tuntun lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, ó sì ti dá irunmú sí fún Mission: Impossible – Fallout, wọn kò gbà fún un láti fá a. Wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà pa irunmú náà rẹ́, kó sì dá ẹnu sí i. Ẹnu, ibi tí ojú wa mọ̀ jù lọ lára ènìyàn! Black Panther ti 2018 gba Oscar mẹ́ta, lára rẹ̀ ni ti aṣọ àti ti bí wọ́n ṣe ṣe ibùdó ìran. Wọn kò tiẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ti àwòrán àfikọ̀ǹpútàṣe, ẹni tó bá sì wo ìjà tó kẹ́yìn lórí ojú irin abẹ́ ilẹ̀ yẹn á mọ ìdí rẹ̀. Ara méjì tí kò níwùúwo ń lu ara wọn nínú òkùnkùn.

Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ní àwọn oníṣẹ́ VFX, ìyẹn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe idán inú fíìmù, ló ya ọ̀lẹ tí irú èyí fi ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí fíìmù máa jáde ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Iye tí wọ́n máa san fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwòrán náà, wọ́n sábà máa ń dá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí olùdarí bá wá yí ìran padà nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òru ọjọ́ ni wọ́n á fi ṣe é, wọn kò sì ní fi kún owó wọn. Rhythm & Hues tó ṣe Hulk ti 2008 wọ gbèsè débi pé wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ láti sọ pé àwọn kò lè san án mọ́ ní oṣù kejì ọdún 2013, oṣù yẹn kan náà ni iṣẹ́ wọn lórí Life of Pi gba Oscar. Ní 2023, àwọn òṣìṣẹ́ VFX ti Marvel fúnra wọn dìbò, wọ́n sì gbà láìku ẹnì kan láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ti yẹ kó ṣẹlẹ̀ tipẹ́.

Kí ẹ tó dá fíìmù kan lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo tẹlifíṣọ̀n yín. Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń ní láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń dá àwòrán tiwọn sáàárín wọn kí ó lè máa yọ̀ mùlọ́mùlọ́, ìyẹn ló sì ń sọ fíìmù tó náni lówó gọbọi di ohun tó jọ eré orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ọ̀sán, tí ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe á sì yọ síta kedere. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń tún tẹlifíṣọ̀n tò, kí ẹ pa ohun tó ń dá àwòrán kún un yẹn. Ọ̀pọ̀ èyí tó jẹ́ tuntun ní ibì kan tí wọ́n kọ Filmmaker Mode sí, òun ló máa bá yín ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi í sọ́kàn pẹ̀lú pé púpọ̀ nínú àwọn fíìmù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, ìwọ̀n tí wọ́n fi parí iṣẹ́ lórí wọn kò ju píksẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 2048 ní ìbú, bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n 4K ní 3840. Kọ̀ǹpútà ló fẹ̀ wọ́n sí i. Tí etí ara Spider-Man bá wá rí wúruwùru lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, ìwọ̀n yẹn lè jẹ́ ara ohun tó fà á.